Èmi Ni Mo Tún Ẹsẹ̀ Àbùùbùtán Ṣe

Rárá o, Ìyàwó wa, ẹ má tíì sọ ọ́. Mo mọ ohun tó gbé yín wá. Ẹ jókòó ná, ẹ gbé àpò pí-ó-pí yẹn kúrò lórí àga, ó ti ṣófo, kò ní ba aṣọ yín jẹ́, bó bá sì bà á jẹ́ ẹ ó gbọ̀n ọ́n, ẹ ṣáà jókòó. Èmi ò lè jókòó. Láti àárọ̀ ni mi ò ti ní ìdúró, mi ò ní ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá fìdí kan àga báyìí, àfi bíi pé wọ́n tẹ́ ẹ̀gún sórí rẹ̀. Ọkọ yín, ẹ̀gbọ́n mi, ló rán yín, àbí òun kọ́? Ẹ má dáhùn. Òun ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá rán àwọn alàgbà ìjọ sí mi, màá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ̀yin tí ẹ fọ aṣọ mi, tí ẹ wẹ̀ mí, tí ẹ máa ń bu oúnjẹ tèmi pamọ́ kí ẹ tó bu ti ọkọ yín, ó mọ̀ pé mi ò ní lè gbé ohùn sókè sí yín. Ẹ foríjì mí. Lónìí màá gbé ohùn sókè.

Torí kí ni mo ṣe? Ẹ bá mi wí i. Onísílìn ni mí. Mò ń po pí-ó-pí, mò ń ṣe òdòdó sí àjà ilé olówó, mò ń dí ibi tó bá sán. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé báwo ni ayé ṣe bẹ̀rẹ̀. Òní ni wọ́n wá rántí mi! Ìrọ̀lẹ́ òní, nínú gbọ̀ngàn ìlú, ẹ̀gbọ́n mi Pásítọ̀ àti àwọn onígbàgbọ́ rẹ̀ yóò jókòó lápá ọ̀tún, àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí àti àwọn tíṣà yóò jókòó lápá òsì, wọ́n á máa jiyàn lórí bóyá àbùùbùtán inú òkun fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ rí, àbí kò rìn rí. Nígbà tí wọ́n sì wá ẹlẹ́rìí, ta ni wọ́n ń wò? Àwọn ti ọ̀tún ní èmi làwọn fẹ́, àwọn ti òsì ní èmi làwọn fẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, èmi sì ni okùn, èmi náà ni adìẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé bí ọkọ yín ṣe sọ ọ́ fún yín kọ́ ló rí. Obìnrin tí mò ń pè ní Ọ̀gá Eegun yẹn, olórí ibi tí wọ́n ń kó eegun sí nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ó ń lo gíláàsì, ó máa ń rìn bíi pé nǹkan rẹ̀ kan jábọ́ sílẹ̀ tó ń wá a. Òun ló lọ sí ilé ìfowópamọ́ lọ́jọ́ kan, ó gbójú sókè, ó rántí pé sílìn ibẹ̀ ti sán rí láti igun dé igun, ó wá ojú ibi tó sán yẹn títí, kò rí i. Ó béèrè pé ta ló tún un ṣe. Wọ́n ní èmi ni. Bó ṣe wá mi kàn nìyẹn. Ó ní bàbá tó máa ń bá àwọn to eegun ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ẹranko kan sì wà nílẹ̀ tí wọ́n wà jáde láti inú òkúta, àwọn fẹ́ tò ó dúró. Mo ní ẹranko wo? Ó ní àbùùbùtán. Mo ní ẹja ràbàtà yẹn? Ó ní kì í ṣe ẹja. Mo ní ó dáa. Ó ní èyí sì ní ẹsẹ̀. Mo ní ó tún dáa. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe, ṣé iyàn ni mo wá jà ni?

Wọ́n gbé àwọn àpótí síwájú mi. Háà, Ìyàwó wa, eegun tó ti di òkúta! Mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Ó tutù, ó wúwo, ó pọ́n bíi tíì tí wọ́n pò sílẹ̀ láti àná. Òmíràn fọ́ wẹ́wẹ́, òmíràn ṣẹ́ lórí, òmíràn jẹ́ ìdajì tí a ò mọ ibi tí ìdajì kejì wọlẹ̀ sí. Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Itan, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀, ọmọ ìka. Ibi tí eegun bá wà, kí n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ibi tí eegun kò bá sí, kí n fi pí-ó-pí dí i kó lè dúró. Ohun tó sọ fún mi nìyẹn. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi àwòrán bó ṣe yẹ kó rí hàn mí, ó ní kí n rọra, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Tí wọ́n bá ní kí n rọra, mo máa ń rọra ju bí wọ́n ṣe wí lọ ni. Mo po pí-ó-pí, mo da omi tíì sí i, mo da yẹ̀pẹ̀ pupa sí i, kò jọ, mo dà á nù, mo tún òmíràn pò. Mo fi bọ́rọ́ṣì ìfọyín ta ọ̀dà sí i lára tó-tò-tó, torí eegun yẹn ní àwọn àmì kéékèèké lára bíi ti ẹni tó ní ìrorẹ́. Mo fi sáńpépà tó rọ̀ jù lọ ra á títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi ń dán. Ibi tí eegun gidi bá ti sán, mo fa ìlà sísán yẹn wọ inú pí-ó-pí tèmi, kí ojú má baà mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ní mò ń sọ̀rọ̀ ọmọ ìka ẹsẹ̀ lójú oorun. Lójoojúmọ́ kí n tó gbé ọ̀bẹ, mo máa ń gbàdúrà, mo máa ń ní Olúwa, ohun tí ọwọ́ Rẹ ṣe ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn yìí, má jẹ̀ẹ́ kí n bà á jẹ́. Ẹni tó ń gbàdúrà báyẹn, ṣé oníjìbìtì ni?

Ọjọ́ tí mo parí, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ mìíràn, mo ní kí wọ́n pe Ọ̀gá Eegun wá. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ẹsẹ̀ náà. Ó wò ó. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní èwo ni tiyín níbẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ wá a. Mo ti ń retí pé yóò pàtẹ́wọ́, mo ti ń ronú ohun tí màá sọ tó bá ń yìn mí. Ìyàwó wa, obìnrin yìí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ní, "Ẹ ti bà á jẹ́."

Ẹ gbọ́ ọ. Mo ti bà á jẹ́! Iṣẹ́ tó dáa jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi! Ó ní nínú iṣẹ́ tiwọn, wọn kì í bo àbùlẹ̀. Ó ní ńṣe ni wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó lè mọ̀ pé eegun rèé, ọwọ́ ènìyàn rèé. Ó ní àlàfo kì í ṣe ìtìjú, pé tí a bá bò ó mọ́lẹ̀ nìkan la purọ́. Mo ní ó dáa, ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ó ní, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo ènìyàn wo? Ní ibi iṣẹ́ tiwa, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àbùlẹ̀ tójú bá rí, ìtìjú oníṣẹ́ ni! Ṣé ó yẹ kí n máa béèrè lọ́wọ́ oníbàárà pé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣe é dáadáa ni àbí ẹ fẹ́ kí n ṣe é kó hàn pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe? Òun ò sọ, torí lójú tirẹ̀ kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Èmi ò béèrè, torí lójú tèmi náà kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ó wá di ẹ̀bi èmi nìkan.

Ẹ wò ó, pí-ó-pí tí mo pò nígbà tí ẹ ń wọlé tún ti gan sínú bàsíà. Ìkẹta rèé lónìí. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń pò ó, mi ò níṣẹ́ kan nílẹ̀, ọwọ́ mi ṣáà ní òun ò fẹ́ dákẹ́.

Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tó lè wo inú eegun, pé òun la ó fi mọ èyí tó jẹ́ eegun àti èyí tó jẹ́ pí-ó-pí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà wà ní ìlú mìíràn, ó di oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó lè gbé e wá. Ó ní òun ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìṣó ha á, torí bí a bá ha eegun, kò tún padà sí mọ́. Àwọn àwòrán tí wọ́n yà kí n tó bẹ̀rẹ̀, inú àpótí ni wọ́n ti yà á, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ jọ iṣu tí wọ́n gé sínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀ ti kéde fún gbogbo ìlú pé ẹ wá wo àbùùbùtán ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n bá kọ ọ́ sára pátákó kékeré kan pé a ti tún àwọn ibì kan ṣe lára rẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ta ló máa ń ka pátákó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀gbọ́n mi ló kàn. Ẹ má fọwọ́ dá mi dúró, mo mọ̀ pé ọkọ yín ni. Ọkọ ni mo jẹ́ fún yín nínú ilé yẹn náà, ẹ jẹ́ kí ọkọ kékeré rojọ́ ọkọ àgbà. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ni mo lọ pè é. Èmi ni mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò yín. Ọ̀gá Eegun ti yọ ayọ̀ iṣẹ́ náà kúrò lọ́kàn mi, mo ṣáà fẹ́ kí ẹnìkan yìn mí, kí ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ sọ pé mo ṣe é. Ó wá. Mo mú un dé ibi ẹsẹ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo tún un ṣe, ẹ wá ibi tí ọwọ́ mi wà. Ó yí i po. Ó fi ìka kàn án, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kò rí i. Ó wo ojú mi, Ìyàwó wa, inú rẹ̀ dùn! Mi ò rí ojú yẹn mọ́ látìgbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ gba Bíbélì. Ó ní, "O ti mọ̀ ọ́n ṣe." Ó dùn mọ́ mi dé ẹ̀yìn ọrùn.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo jókòó jẹ́jẹ́ mi nínú ìjọ, èmi àti ìyàwó mi, ẹ̀yin náà wà níwájú, ẹ gbọ́ ọ. Ó ní àwọn ọlọ́gbọ́n ayé sọ pé àbùùbùtán fi ẹsẹ̀ rìn. Ó ní ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹsẹ̀ náà ti wá fún yín. Ó ní àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló fi pí-ó-pí mọ ọ́n, ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn! Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń yí ọrùn wò mí. Tí ilẹ̀ bá lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́, mo rí yín. Ẹ má sọ pé ẹ ò pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, mo dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n ti fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri wọn pé ẸSẸ̀ PÍ-Ó-PÍ. Tíṣà kan tí mi ò mọ̀ rí dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó ní àwọn onígbàgbọ́ ló rán mi láti wá ba ìmọ̀ jẹ́. Èmi! Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà kan nínú ìjọ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní Ọlọ́run ló fi mí ṣe amí sáàárín àwọn aláìgbàgbọ́. Mo ní mọ́mì, mi ò ṣe amí, eegun ni mò ń lẹ̀. Ó ní, má tíì sọ ọ́ síta, ọmọ mi. Ó tún ṣẹ́jú sí mi!

Mo wá tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ẹ̀yin lẹ gbé omi wá fún wa lọ́jọ́ náà, ẹ ò mọ ohun tí à ń sọ ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo fọwọ́ ṣe. Eegun wà níbẹ̀, mo gbé e lọ́wọ́, ó wúwo. Ó ní ṣùgbọ́n o ṣe níbẹ̀ àbí o ò ṣe? Mo ní mo ṣe. Ó ní kí ló wá kù? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í là á fún mi pé Ìkún-omi ló sin gbogbo ohun tí wọ́n ń wà jáde nínú òkúta wọ̀nyí, pé tó bá jẹ́ pé ẹranko ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀kan sí èkejì ni, ibo ni àwọn tó wà láàárín wà? Ó ní àlàfo ló pọ̀ jù nínú ìwé òkúta wọn, ńṣe ni wọ́n ń fi pí-ó-pí dí i, tí wọ́n ń pè é ní ọgbọ́n. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àmín.

Ìṣòro mi ni pé tí Ọ̀gá Eegun náà bá ń sọ tirẹ̀, ó máa ń dùn. Ó ti fi eegun ọrùn ẹsẹ̀ kan hàn mí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní kòtò lókè, ó ní kòtò nísàlẹ̀, bí àgbá kékeré tí okùn máa ń yí lé. Ó ní nínú gbogbo ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́ lónìí, kò sí èyí tó nílò irú rẹ̀, ti ẹran tó ń fi pátákò rìn nílẹ̀ ló jọ. Ó ní ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó wa, ẹ má sọ fún ẹnìkan, ara mi bù máṣọ. Mo ní kí ni ohun tó ní irú eegun yìí wá lọ ṣe nínú omi?

Mi ò sọ pé mo ti fi Ọlọ́run sílẹ̀ o! Ẹ má wò mí báyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ọjọ́ kan ni Ó parí àbùùbùtán, àbí Ó ṣì wà níbẹ̀ tó ń fi sáńpépà ra á títí dòní. Mo bi Ọ̀gá Eegun pé Ọlọ́run ńkọ́ nínú rẹ̀? Ó ní òun ò ní irinṣẹ́ tí òun lè fi wọn ìyẹn. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé Ọlọ́run ò lè kọ́ ẹranko kan ní òkun díẹ̀díẹ̀ ni, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́? Ó ní kí n ṣọ́ ẹnu mi. Ẹni kan ò ní irinṣẹ́, ẹni kejì ò fẹ́ ìbéèrè, èmi tí mo wà láàárín ni oorun sá fún.

Ẹ̀gbọ́n mi wá gbẹ́nu lé ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn títí di àkókò yìí. Ó ní lọ́jọ́ ìpàdé, òun á pè mí dìde, kí n gbọ́wọ́ lé Bíbélì, kí n búra pé pí-ó-pí ni ẹsẹ̀ náà. Mo ní ẹ̀gbọ́n, irọ́ nìyẹn. Ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ bínú: "Bó ò bá dìde, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Ṣé ó sọ ìyẹn fún yín? Kò sọ ọ́. Mo mọ̀ pé kò ní sọ ọ́. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń wò mí.

Òun ni bàbá wa kú tó fi mí sílẹ̀ fún, ilé rẹ̀ ni mo gbé dàgbà. Mi ò mọ bàbá mìíràn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ta ló sì kọ́ mi ní pí-ó-pí? Kí wọ́n tó máa pè é ní Pásítọ̀, kí ni wọ́n ń pè é? Onísílìn! Òun ló máa ń gun àkàbà wá wo ibi tí mo dí, tí ojú rẹ̀ bá fi lè rí i báyìí, yóò fi ọ̀bẹ họ gbogbo rẹ̀ dànù, á ní kí n tún un ṣe. Mo sunkún lórí àkàbà. Òun ló ní àbùlẹ̀ tójú bá rí, ẹni tó bù ú ò tíì mọ iṣẹ́. Ó wà lọ́kàn mi bí ẹsẹ Bíbélì. Tí wọ́n bá wá béèrè pé ọwọ́ ta ló ba ẹsẹ̀ àbùùbùtán jẹ́, ṣé ọwọ́ tèmi nìkan ni? Kí ó sọ ìyẹn lórí pẹpẹ! Kí ó sọ fún ìjọ pé òun lòun kọ́ mi kí n má jẹ̀ẹ́ kójú rí i! Wọ́n ní inú ilé laṣeni ń gbé. Ẹ foríjì mí. Rárá, ẹ má foríjì mí, ohun tí mo fẹ́ sọ ni mo sọ.

Ẹ ṣì gbọ́ tòwúrọ̀ yìí. Ọ̀gá Eegun wá kan ilẹ̀kùn mi, oòrùn ò tíì gbóná. Mo rò pé ó wá bẹ̀ mí kí n ṣe ẹ̀rí fún tiwọn ni, mo ti múra àtilé e. Kò bẹ̀ mí. Ó mú ẹfun ìkọ̀wé pupa kan jáde nínú àpò, ó ní kí n wá fàmì sí gbogbo ibi tó bá jẹ́ tèmi, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ó ṣe gbé e wá sí gbọ̀ngàn, kí gbogbo ayé rí i. Mo ní tó bá wá jẹ́ pé tèmi ló pọ̀ jù ńkọ́? Ó ní, "Bó bá jẹ́ gbogbo ẹsẹ̀ náà, ẹ fàmì sí gbogbo rẹ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n, òun náà ò sùn. Mo bá a lọ. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó parí, òtítọ́ ló fẹ́, òtítọ́ ni màá fún un, ẹ̀gbọ́n mi ò lè bá mi jà lórí òtítọ́.

Mo dé iwájú ẹsẹ̀ náà. Mo mú ẹfun. Mo ní itan yìí, ibi tó wú yìí, tèmi ni. Mo fẹ́ fàmì sí i, ọwọ́ mi dúró. Ṣé tèmi ni? Mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mo wò ó láti ìsàlẹ̀. Ìlà sísán kan gba ibẹ̀ kọjá, mi ò mọ̀ bóyá ìlà tí ayé fà ni àbí ìlà tí èmi fà. Mo lọ sí ọmọ ìka. Mo mọ̀ pé mo ṣe nínú wọn, mo rántí omi tíì, mo rántí bọ́rọ́ṣì ìfọyín, mo rántí orin tí mò ń kọ, ṣùgbọ́n èwo nínú wọn? Mo fàmì sí ọ̀kan, mo nù ún kúrò. Mo fàmì sí òmíràn, mo nù ún. Mo kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, Ìyàwó wa, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ti tan èmi alára jẹ. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò. Eegun ọrùn ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́, èyí tí ara mi bù máṣọ lé lórí? Mo rántí pé ọ̀kan pé, èkejì fọ́, mo ṣe èkejì kó jọ ọ̀kan. Èwo ló pé? Èwo ni mo ṣe? Ọ̀gá Eegun dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n?" Mo gbé ẹfun rẹ̀ fún un, mo ń bọ̀ nílé.

Ẹ wá bá mi wí i, kí ni kí n lọ sọ nínú gbọ̀ngàn? Kí n ní pí-ó-pí ni gbogbo rẹ̀? Irọ́, mo gbé eegun lọ́wọ́. Kí n ní èyí tí mo ṣe kò tó nǹkan? Mi ò mọ bó ṣe tó. Kí n ní mi ò mọ̀? Àwọn ti ọ̀tún á ní mo ti gbàbọ̀dè, àwọn ti òsì á ní oníjìbìtì ṣáà ni mí, ẹ̀gbọ́n mi á yí ojú kúrò lára mi níwájú gbogbo ìlú, màá sì máa rìn kiri láyé yìí láìní ẹ̀gbọ́n, nítorí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹja! Ó ní kì í ṣe ẹja. Ó dáa, kì í ṣe ẹja!

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ó fọwọ́ kàn án, ẹni tó fi ìdajì ayé rẹ̀ po pí-ó-pí, ó mọ̀ pé kì í ṣe pí-ó-pí ni gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀. Tó bá wá mọ̀, kí ló ń bà á lẹ́rù? Ṣé Ọlọ́run rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ìka kan á fi gbé E ṣubú?

Kí lẹ ní?

Ẹ tún un sọ. Ta ló wà níta?

Láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé? Ẹ sì jókòó síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa pariwo, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbàgà, ẹ jẹ́ kí n pè é ní aṣeni, ẹ jẹ́ kí n ní Ọlọ́run rẹ̀ kéré! Háà, Ìyàwó wa! Ẹ wò ó, ẹ̀rín ń pa mí, mi ò mọ ohun tí mò ń rín. Òun ló bẹ̀ yín kí ẹ má sọ? Ó fẹ́ gbọ́ ohun tí màá sọ tí òun ò bá sí níbẹ̀. Ó dúró sínú oòrùn yìí, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún yẹn, ó fetí sí ògiri. Ṣé ó ti jẹun? Mo béèrè ni. Kò jẹun. Mo mọ̀ pé kò ní jẹun.

Ẹ jókòó, ẹ má dìde, èmi fúnra mi ni màá pè é.

Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kúrò nínú oòrùn, ẹ wọlé. Ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀, ẹ wọlé náà. Rárá, ẹ má sọ̀rọ̀ ìpàdé sí mi. Kí àwọn ènìyàn yẹn tó kún gbọ̀ngàn, èmi àti ẹ̀yin la máa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwa méjì péré, kò sí ìjọ, kò sí tíṣà. Ẹ ó gbọ́wọ́ lé ẹsẹ̀ yẹn, ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ ó tọ́ka sí èyí tí mo ṣe fún mi, ẹ ó sì tọ́ka sí èyí tí Ọlọ́run ṣe. Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, màá dìde nírọ̀lẹ́ yìí, màá gbọ́wọ́ lé Bíbélì, màá búra ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí wọ́n bá pè wá, ẹ̀yin náà ẹ bá mi jókòó, kẹ́ ẹ bá mi dákẹ́.